Ìyeyè nínú Photoshop, funfun nínú Paint: èwo ni kí n gbà gbọ́?

Fótò-Ìdénà (Kétu) · Ọjọ́ Ajé, 7:42 àárọ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ gbà mí o, ìyá ìyàwó fẹ́ pa mí.

Ọ̀rọ̀ náà rèé. Mo ya ìgbéyàwó kan níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹgbẹ́jọdá ẹbí ìyàwó, elésè àlùkò. Gèlè wọn, fàdákà. Ìyá ìyàwó nìkan ló wọ funfun látòkè délẹ̀. Oṣù tó kọjá ni mo ra skírìn tòkunbọ̀ kan, ínṣì 24, mo fi wáyà HDMI so ó mọ́ laptop mi, torí ojú laptop yẹn ti kéré jù fún mi. Bí mo ṣe ṣí fótò nínú Photoshop, gbogbo ẹ̀ pupa. Ojú pupa, aṣọ pupa, ògiri pupa. Mo ní bóyá kámẹ́rà ló ṣe é. Alẹ́ méjì gbáko ni mo fi jókòó, tí mò ń fa pupa náà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, fótò 60, títí gbogbo ẹ̀ fi rí bó ṣe yẹ kó rí lójú mi. Mo fi ránṣẹ́ sí labo kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), wọ́n tẹ̀ ẹ́, onítasín gbé e wá láti ọ̀nà Pọ̀bẹ́.

Mo ṣí àpò. Àwọn èèyàn inú fótò rí bí ẹni tí òtútù ń mú. Aṣọ elésè àlùkò ti di aró. Ó tún ṣókùnkùn, bíi pé ìrọ̀lẹ́ la yà á, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán gangan ni. Ìyá ìyàwó wò ó, ó wò mí, ó ní: "Ṣé òkú lo yà ni?"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n fẹ́ gba òmíràn. Labo ní àwọn ò jẹ̀bi, bí fáìlì ṣe wá làwọn ṣe tẹ̀ ẹ́. Ta ló ń purọ́ nínú wọn: kámẹ́rà, Photoshop, skírìn, àbí labo?

Lábò-Wàndó (Àjàṣẹ́) · 8:15 àárọ̀

Mo ti yẹ ìwé mi wò, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi lo gbé e wá. Ọkàn mi balẹ̀ báyìí, a lè sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè kan kí n tó sọ nǹkan mìíràn. O ní "pupa". Pupa bí epo ni, àbí pupa bí ìyeyè? Lẹ́nu tiwa, pupa ni gbogbo ẹ̀: epo pupa, ọmọ tó pupa, àgbàdo pupa. Lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà, àìsàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Tó bá jẹ́ ti epo, àwọ̀ ewé àti búlúù ló jọ dín. Tó bá jẹ́ ti ìyeyè, búlúù nìkan ló dín. Aṣọ ìyá yẹn ni kó o wò, má wo awọ ara ẹnikẹ́ni.

Fótò-Ìdénà · 8:31 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ìyeyè ni. Aṣọ funfun ìyá náà dà bí ògì àgbàdo pupa tó ti silẹ̀ láàárọ̀.

Ọmọ-Òkè (Ṣábẹ̀ẹ́) · 9:02 àárọ̀

Ọ̀rọ̀ ti parí! Éclairage nocturne ni. Gbogbo wa ló ti ṣe rí. Lọ sí Paramètres, Système, Affichage, pa á. Windows máa ń sọ ojú skírìn di ìyeyè lálẹ́ kó má bàa gún èèyàn lójú, o sì ní alẹ́ lo fi ṣiṣẹ́. Ẹ fi owó sódábì mi ránṣẹ́.

Fótò-Ìdénà · 9:20 àárọ̀

Ó ti wà ní pípa tẹ́lẹ̀, àbúrò. Tó bá sì jẹ́ òun ni, gbogbo ojú skírìn ni ì bá pọ́n. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu rèé: mo ṣí fótò kan náà nínú Paint, funfun ni aṣọ ìyá. Mo gbé fèrèsé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, lórí skírìn kan ṣoṣo. Nínú Paint, funfun. Nínú Photoshop, ògì. Mo ti fi fóònù yà á kí ẹ má bàa ní irọ́ ni mò ń pa.

Ojú-Inú (Àjàṣẹ́) · 11:48 àárọ̀

Ẹ kú ìjókòó o. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni mo ti ń dúró dè látàárọ̀.

Paint àti Photoshop kì í fi ojú kan náà wo fótò. Paint máa ń gbé nọ́ńbà àwọ̀ inú fáìlì síta bó ṣe bá a. Photoshop kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa kọ́kọ́ bi Windows pé, "Skírìn yìí ńkọ́, irú èwo ni?" Windows á fún un ní ìwé kékeré kan tó ṣàpèjúwe skírìn náà. Ìwé yẹn là ń pè ní profil ICC. Ọdún 1993 ni àwọn ilé-iṣẹ́ kan péjọ láti fìdí ìlànà rẹ̀ múlẹ̀. Photoshop á wá yí nọ́ńbà padà, kí àwọ̀ lè bá skírìn yẹn mu. Ṣe ló dà bíi télọ̀ tó ń ránṣọ látorí ìwọ̀n tí wọ́n kọ sínú ìwé fún un, tí kò rí oníbàárà sójú. Tí wọ́n bá kọ ìwọ̀n ẹlòmíràn ránṣẹ́, aṣọ á fún un lọ́rùn, télọ̀ ò sì ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Bí profil bá ń pariwo pé skírìn rẹ ń tan búlúù ju bó ṣe yẹ lọ, Photoshop á dín búlúù kù láti fi tún un ṣe. Skírìn ò sì ṣàìsàn búlúù kankan. Kí ló kù? Ìyeyè.

Ṣùgbọ́n má gbà mí gbọ́ kó o tó dán an wò. Jẹ́ kí Photoshop wà lójú skírìn, tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ Impr écran. Kọ̀ǹpútà á ya àwòrán ojú ara rẹ̀. Fi í ránṣẹ́ sórí fóònù. Tó bá jẹ́ ìyeyè lórí fóònù náà, inú nọ́ńbà tí Photoshop rán jáde ni àìsàn wà, a ó lọ bá profil. Tó bá funfun lórí fóònù, àmọ́ tí skírìn ń pọ́n, a jẹ́ pé bọ́tìnnì ara skírìn, tàbí wáyà, tàbí Éclairage nocturne tí ọmọkùnrin Ṣábẹ̀ẹ́ wí. Ìwọ̀nyẹn kì í wọ inú àwòrán tí kọ̀ǹpútà bá yà.

Fótò-Ìdénà · 12:26 ọ̀sán

Ìyeyè lórí fóònù! Mo tún fi ránṣẹ́ sórí fóònù ìyàwó mi nílé, mi ò sọ nǹkan kan fún un. Ó dáhùn pé, "Kí ló dé tí màmá yẹn wọ aṣọ tó ti gbó?"

Ojú-Inú · 12:40 ọ̀sán

Ìyàwó rẹ lójú. Ó yá, tẹ Windows pọ̀ mọ́ R, kọ colorcpl, tẹ Entrée. Gestion des couleurs á ṣí. Níbi Périphérique lókè, mú skírìn tòkunbọ̀ yẹn, má mú ti laptop. Skírìn méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ, profil méjì ni. Tó ò bá mọ èwo ni 1, èwo ni 2, tẹ Identifier les moniteurs, nọ́ńbà ńlá á yọ lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fi àmì sí Utiliser mes paramètres pour ce périphérique. Sọ orúkọ tó o bá níbẹ̀ fún wa kó o tó fọwọ́ kan nǹkan.

Fótò-Ìdénà · 1:05 ọ̀sán

Bàbá, profil kan ló wà níbẹ̀, ó jọ orúkọ skírìn náà fúnra rẹ̀, .icm ló parí ẹ̀. Èmi kọ́ ni mo fi í síbẹ̀ o. Ilé ọ̀rẹ́ mi kan tó ní íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti kọ́kọ́ so skírìn yẹn mọ́ laptop. Mo rántí pé nǹkan kan ń wọlé fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo ní kó máa wọlé.

Ojú-Inú · 1:17 ọ̀sán

Òun nìyẹn. Irú rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó ṣe skírìn náà kọ ìwé kan sí i, ìwé náà ò bá a mu, tàbí kó ti bá a mu nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun, ó sì ti gbó báyìí.

Tẹ Ajouter, wá sRGB IEC61966-2.1 nínú àwọn tó wà níbẹ̀, mú un, kó o wá tẹ Définir comme profil par défaut. Má pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Pa Photoshop pátápátá, kó o tún un ṣí, torí ìgbà tó bá ń jí ló máa ń ka profil.

Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ: sRGB kì í ṣe ìwọ̀n skírìn rẹ. Aṣọ tí wọ́n ti rán sílẹ̀ ní ọjà Wàndó ni. HP àti Microsoft ló gbé e kalẹ̀ lọ́dún 1996, àwọn tó ń ṣe skírìn sì ti ń fojú sùn ún láti ìgbà yẹn. Kò ní bá ọ mu géérégé, àmọ́ kò ní fún ọ lọ́rùn.

Ọmọ-Òkè · 1:30 ọ̀sán

Bàbá, ẹ dákun. Inú Photoshop níbẹ̀, ní Édition, Couleurs, mo rí i pé èèyàn lè mú profil skírìn fúnra rẹ̀ sí ibi RVB (pupa, ewé, búlúù). Bí mo ṣe mú un báyìí, Photoshop àti Paint bára mu. Ṣé kò ti tán nìyẹn, láìsí gbogbo wàhálà yìí?

Lábò-Wàndó · 1:34 ọ̀sán

Yé ṣe bẹ́ẹ̀! Mo ti rí fáìlì irú ẹ̀ lọ́dọ̀ mi, orí mi fẹ́ fọ́. O ti fi skírìn rẹ ṣe òṣùwọ̀n fún gbogbo fótò. Bí irọ́ kan bá wà lára skírìn náà, o ti dì í mọ́ fáìlì nìyẹn, o wá gbé irọ́ náà wá bá mi ní Àjàṣẹ́. Photoshop àti Paint bára mu lóòótọ́. Àwọn méjèèjì jọ gbà láti máa ṣini lọ́nà ni. Fi sRGB síbẹ̀, kó o fi ti skírìn sílẹ̀ fún Windows.

Fótò-Ìdénà · 3:50 ìrọ̀lẹ́

Iná lọ, òun ni mi ò fi tètè dáhùn.

Mo ṣe é. Ìyeyè ti lọ! Mo ṣí fótò kan látorí káàdì kámẹ́rà, èyí tí mi ò tíì fọwọ́ kàn, aṣọ ìyá funfun báláú. Elésè àlùkò náà padà sí elésè àlùkò.

Ẹ̀rù ló kù tó ń bà mí. Mo ṣí àwọn 60 tí mo ti tún ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, gbogbo wọn di aró, bí labo ṣe tẹ̀ wọ́n gẹ́lẹ́. Èmi fúnra mi ni mo ya wọ́n ní búlúù. Mo sì ti tọ́jú wọn lé àwọn ti àkọ́kọ́ lórí nínú laptop. Ọlọ́run ló yọ mí, mi ò tíì pa káàdì rẹ́.

Àǹtí-Kámẹ́rà (Àjàṣẹ́) · 4:22 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má pa káàdì rẹ́ títí oníbàárà á fi sanwó tán. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi nìyẹn, wọn kì í gbọ́.

Lábò-Wàndó · 4:40 ìrọ̀lẹ́

Fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi nínú àwọn tó ti bàjẹ́ yẹn. Má gba WhatsApp o, ó máa fún un pa. Fi ráńṣẹ́ lórí email.

Lábò-Wàndó · 5:28 ìrọ̀lẹ́

Mo ti rí i. Ẹ jẹ́ kí gbogbo yín wo èyí, torí skírìn kò ní ọwọ́ sí i rárá. Nínú Photoshop, ẹ ṣí Fenêtre, Informations. Ẹ gbé ọfà lé ibi tó yẹ kó funfun, ẹ ka nọ́ńbà R, V, B. Ibi tó bá funfun tàbí tó jẹ́ àwọ̀ eérú, nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ní èjìká ìyá ìyàwó, mo ka 168, 176, 203. Kódà kí ẹ lo skírìn dúdú-àti-funfun, kí ẹ di ojú kan, nọ́ńbà yẹn ń wí fún yín pé búlúù ti gorí àwọn yòókù. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ká ní o wò ó lálẹ́ ọjọ́ yẹn, o ò bá ti sùn.

Ọ̀rọ̀ keji: 203 ló ga jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lára aṣọ funfun, nínú oòrùn ọ̀sán! Aṣọ funfun tí oòrùn ń bà yẹ kó sún mọ́ 235, 240. Ìdí nìyẹn tó fi ṣókùnkùn lórí pépà. Profil kọ́ ló ṣe èyí. Báwo ni ìmọ́lẹ̀ skírìn rẹ ṣe ga tó?

Fótò-Ìdénà · 5:41 ìrọ̀lẹ́

100. Bí mo ṣe rà á ló wà. Contraste 90. Mode Dynamique.

Lábò-Wàndó · 5:43 ìrọ̀lẹ́

Mode Dynamique! Àtùpà lo gbé síwájú rẹ, o pè é ní fótò.

Ojú-Inú · 7:10 alẹ́

Lábò, má bú ọmọ. Gbogbo skírìn tí wọ́n bá kó sí ìta ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n máa ń tàn báyẹn kó lè gba ojú oníbàárà. Ṣé bí ó ṣe wà nígbà náà ló ṣe gbé e délé.

Nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé skírìn máa ń tan ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, pépà kì í tàn. Bí skírìn bá mọ́ jù, fótò tó bá mọ́ dáadáa á máa dà bíi pé ó ti jó, ìwọ á sì máa fà á wálẹ̀. Lórí pépà, ohun tó o fà wálẹ̀ nìkan ló máa kù. Àwọn tó ń tún fótò ṣe fún títẹ̀ máa ń fi ìmọ́lẹ̀ skírìn sáàárín 80 sí 120 cd/m², òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ nìyẹn. Skírìn tí bọ́tìnnì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá wà ní 100, bíi tìrẹ, lè ju 250 cd/m² lọ. Kò sí ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ láti fi wọ̀n ọ́n, nítorí náà ṣe báyìí: mú pépà funfun kan, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe fọ́tòkópì. Gbé e dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ skírìn, lábẹ́ iná tó o máa ń lò. Ṣí ojú ìwé òfìfo funfun lórí skírìn. Máa fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ títí skírìn ò fi ní jọ fìtílà mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pépà náà. Mode, fi sí Standard tàbí sRGB tó bá ní in. Contraste, dá a padà síbi tó wà láti ilé-iṣẹ́.

Iná wo lo sì ń lò? Ògiri rẹ ńkọ́, àwọ̀ wo ni?

Fótò-Ìdénà · 7:35 alẹ́

Bàbá, ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ògiri àwọ̀ ewé, láti ọwọ́ onílé. Iná neon kan ló wà lókè. Ẹ̀yìn mi ni ilẹ̀kùn wà, ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, sí ọ̀nà Àkàbà Ìdénà. Láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, oòrùn á wọlé tààrà sójú skírìn.

Mo fi pépà ṣe é. Mo ń fà á wálẹ̀, mo ń fà á wálẹ̀, ìgbà tó dé 28 ló tó jọ pépà. Ó kọ́kọ́ dà bíi pé skírìn fẹ́ kú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ojú mi gbà á.

Ojú-Inú · 7:52 alẹ́

Bí oòrùn bá wọlé, dáwọ́ dúró tàbí kó o ta aṣọ sí ẹnu ọ̀nà. Ògiri ewé ò dáa, torí ojú rẹ máa ń gbìyànjú láti gba àwọ̀ ewé yẹn ní funfun, á wá máa rí fótò bíi pé ó ń pọ́n. O ò lè kùn ilé onílé. Aṣọ àwọ̀ eérú kan tí kò dán, ta á sí ẹ̀yìn skírìn, ó tó.

Àǹtí-Kámẹ́rà · 8:30 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́jọdá, torí ó ti jẹ èmi náà níyà. Elésè àlùkò ni aṣọ tó le jù lọ láti yà. Kódà kí skírìn dáa, kámẹ́rà lè rí i ní búlúù. Lábẹ́ neon á yàtọ̀, nínú oòrùn á yàtọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rárá. Ohun tí mò ń ṣe ni pé mo máa ń bẹ ìyàwó fún àjákù aṣọ náà, bí ìka ọwọ́ méjì. Mo máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ìwé iṣẹ́. Bí wọ́n bá tẹ fótò tán, mo máa gbé fótò àti àjákù náà lọ síta, nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, lábẹ́ ibòji. Ibẹ̀ ni mo ti ń dájọ́, kì í ṣe lójú skírìn. Ìyá ìyàwó náà, ibẹ̀ ni yóò ti dájọ́ tiẹ̀.

Èmi náà ní ìbéèrè o. Fótò mi dáa nínú Photoshop, mo bá fi ránṣẹ́ sí oníbàárà lórí WhatsApp, ó ṣá. Kì í ṣe pé ó pupa tàbí pé ó búlúù. Ó kàn ṣá, bí aṣọ ankara tí wọ́n ti fọ̀ nígbà ogún.

Ojú-Inú · 8:44 alẹ́

Àǹtí, ẹ wo orúkọ fáìlì tó wá látinú kámẹ́rà yín. Ṣé ìlà ìsàlẹ̀ yìí _ ló fi bẹ̀rẹ̀?

Àǹtí-Kámẹ́rà · 8:47 alẹ́

Òun ló fi bẹ̀rẹ̀! Ẹ ṣe mọ̀?

Ojú-Inú · 9:03 alẹ́

Kámẹ́rà yín wà ní Adobe RGB. Àmì tó máa ń fi sí i lórúkọ nìyẹn. Adobe RGB gba àwọ̀ ju sRGB lọ, pàápàá àwọ̀ ewé, àmọ́ ibi tí kò bá ti mọ̀ ọ́n, á kà á bíi sRGB ni, àwọ̀ á sì ṣá. Ẹ yí i padà sí sRGB nínú menu kámẹ́rà. Àwọn tó ti wà nílẹ̀, Édition, Convertir en profil, sRGB. Ẹ má tẹ Attribuer un profil tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Convertir ń yí nọ́ńbà padà kí àwọ̀ lè dúró síbi tó wà. Attribuer ń fi nọ́ńbà sílẹ̀, á pààrọ̀ orúkọ tó ń jẹ́.

Ọmọ-Òkè · 9:40 alẹ́

Ó kan èmi náà. Tẹlifíṣọ̀n ni mo fi ṣe skírìn. Dúdú rẹ̀ kì í dúdú, àwọ̀ eérú ni, bí òkè Ṣábẹ̀ẹ́ nígbà ọyẹ́.

Ojú-Inú · 9:51 alẹ́

Kọ̀ǹpútà rẹ gbà pé tẹlifíṣọ̀n ni lóòótọ́, ó ń rán àwọ̀ láti 16 dé 235 gẹ́gẹ́ bíi ti fíìmù, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n náà ń retí 0 dé 255. Lọ sínú ètò káàdì àwòrán, wá ibi tí wọ́n ti ń yan plage RVB, fi sí complète. Lórí tẹlifíṣọ̀n náà, pe ẹnu HDMI yẹn ní PC bó bá gbà. Pa gbogbo mode tó ń ṣe fùjà.

Ọmọ-Òkè · 10:15 alẹ́

Dúdú ti dúdú! Sódábì di tiyín, Bàbá.

Lábò-Wàndó · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:05 àárọ̀

Fótò-Ìdénà, gbọ́. Mò ń bọ̀ ní Kétu lọ́jọ́bọ̀, àwọn àna mi ń ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Mo ní sonde kan, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń gbé kọ́ ojú skírìn kó máa wọ̀n àwọ̀. Màá mú un dání. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń lò ò lówó lórí, ArgyllCMS àti DisplayCAL, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, gbà wọ́n sílẹ̀ kí n tó dé. Tan skírìn náà ní ìdajì wákàtí ṣáájú, kó lè gbóná dáadáa, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá ṣì ń gòkè, irọ́ la máa wọ̀n.

Ní báyìí, tún fótò mẹ́ta péré ṣe látorí káàdì. Ọ̀kan nínú oòrùn, ọ̀kan lábẹ́ neon, ọ̀kan tí ìyá ìyàwó wà. Jẹ́ kí wọ́n tẹ ìwọ̀nyẹn nìkan. Kó o sì sọ fún labo tó o ń lò pé kí wọ́n má ṣe correction automatique. Èmi náà máa ń ṣe é fún fáìlì tí mi ò bá gbẹ́kẹ̀ lé, mi ò purọ́. Ẹ̀rọ náà rí aṣọ tó pọ̀ jù ní àwọ̀ kan, á rò pé àṣìṣe ni, á tún un ṣe. Ẹgbẹ́jọdá ni àṣìṣe tó ń rí.

Fótò-Ìdénà · Ọjọ́bọ̀, 6:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n wá. Wọ́n gbé nǹkan náà kọ́ ojú skírìn bí ẹni gbé alábahun lé ògiri. Skírìn bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọ̀: pupa, ewé, búlúù, eérú, eérú mìíràn tó ṣókùnkùn díẹ̀. Ó ju ìdajì wákàtí lọ. Àwọn ọmọ àdúgbò pé sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n rò pé fíìmù ni.

Ohun tó jáde: funfun skírìn mi wà ní 7400 K (bí nọ́ńbà K bá ṣe ga tó ni búlúù ṣe ń pọ̀ tó), bẹ́ẹ̀ 6500 K là ń wá. Ìyẹn ni pé ó ń tan búlúù díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò tó bí profil tẹ́lẹ̀ ṣe ń pariwo rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí mo fi pépà wọ̀n jẹ́ 131 cd/m². Pépà fọ́tòkópì gbìyànjú! A fà á wálẹ̀ sí 110, a fi bọ́tìnnì ara skírìn dín búlúù kù, a fi gamma (bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gòkè láti dúdú dé funfun) sí 2,2, ó wá kọ profil tuntun tó jẹ́ ti skírìn yìí nìkan. A yọ sRGB kúrò, a fi tuntun síbẹ̀.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti sRGB ò pọ̀. Ojú òjìji ni mo ti rí i jù, lábẹ́ àgbọ̀n àwọn èèyàn dúdú wa, níbi tí mo rò pé kò sí nǹkan tẹ́lẹ̀. Irùngbọ̀n bàbá ìyàwó wà níbẹ̀, mi ò rí i rí.

Àǹtí-Kámẹ́rà · Ọjọ́bọ̀, 7:02 alẹ́

Lábò, nígbà wo lo máa mú sonde yẹn dé ọ̀dọ̀ tèmi? Àjàṣẹ́ kan náà la jọ wà, o lọ ń ṣoore ní Kétu.

Lábò-Wàndó · Ọjọ́bọ̀, 7:30 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n jẹun àna tán ná, Àǹtí. Ọjọ́ Ajé.

Fótò-Ìdénà · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:48 alẹ́

Fótò 60 ti délẹ̀. Mo gbé e lọ sílé wọn fúnra mi. Màmá ò wò ó nínú yàrá. Wọ́n gbé èyí tó wà lókè jáde sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n pe ọmọ kan pé kó mú gèlè àti ìró wá, wọ́n tẹ́ aṣọ sórí fótò. (Àǹtí-Kámẹ́rà, ẹ ti sọ ọ́!) Wọ́n wò ó pẹ́. Wọn ò kí mi, wọn ò bú mi. Wọ́n ní kí n tẹ méjì ńlá sí i, 30 lọ́nà 45.

Lábò-Wàndó · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:55 alẹ́

Ta ló ń sanwó méjì ńlá yẹn?

Fótò-Ìdénà · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:01 alẹ́

Àwọn ni. Mo ti gba ìdajì kí n tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀dọ̀ yín ni màá ti tẹ̀ ẹ́ o, ẹ̀gbọ́n.